Aṣọ Ọrùn Aláǹtakùn

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀ẹ̀, kò bà sórí ìrókò, kò bà sórí àràbà. Orí Àgbọ̀nrín ló bà lé, abiyamọ tó fẹ́ràn aṣọ, àti Aláǹtakùn tó ń tà á fún un.

Àrà tuntun ni Aláǹtakùn ń gbé jáde lọ́jọọjọ́ ọjà, owó pọ́ọ́kú. Àgbọ̀nrín a rà á. Bó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, fàà! á ya. Á jù ú sí ààtàn, á tún lọ ra òmíràn. Gbogbo ìlú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ariwo ẹyẹ ẹ̀gà dákẹ́ lórí ọ̀pẹ, kò sì sẹ́ni tó béèrè wọn.

Nígbà tó yá, odò ìlú dúdú. Òkú ẹja ń léfòó. Ọmọ Àgbọ̀nrín mu níbẹ̀, ó bì títí, kò lè dìde mọ́. Ìyá rẹ̀ bá tọ odò náà lọ sókè, ó rí aró tó ń ṣàn jáde lẹ́yìn ahéré Aláǹtakùn. Irú aró yẹn náà ló wà lára aṣọ tó wọ̀.

"Baba Aláǹtakùn, aró yín ń pa ọmọ mi o!"

"Háà, oníbàárà mi àtàtà! Ewé lásán ni. Àwọn ẹ̀gà tó ń bá mi hun aṣọ pàápàá ń gbádùn. Ṣé ẹ gbọ́ kí ẹnì kan ráhùn nínú ahéré yẹn?"

Àgbọ̀nrín tẹ́tí. Kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀gà tí kì í pariwo kẹ̀? Ẹ̀gà tó bá dákẹ́, ojú ń pọ́n ọn ni!

Aláǹtakùn sáré bu omi fún un. Omi náà mọ́ gaara.

"Níbo lẹ ti pọn èyí?"

"Ìyàwó mi a máa lọ sókè odò díẹ̀."

Ìgbà náà ni Àgbọ̀nrín wo ọrùn Aláǹtakùn. Òfì àtijọ́ tó ki dáadáa ni bàbá yìí fi bora. Kò sí ẹyọ kan lára rẹ̀ nínú èyí tó ń tà. Àgbọ̀nrín jáde sí gbangba, ó forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ẹ̀gà, ta ló pa yín lẹ́nu mọ́?
*Fàà, aṣọ ya o!*
Ta ló da aró sódò tá à ń mu?
*Fàà, aṣọ ya o!*
Ẹni tí yóò dáṣọ fún mi,
*Fàà, aṣọ ya o!*
Ti ọrùn rẹ̀ ni mo wò.
*Fàà, aṣọ ya o!*

Ta ló kọ́kọ́ gbè é? Àwọn ẹ̀gà inú ahéré ni! Ohùn wọn ti ha, ṣùgbọ́n wọ́n gbè é. Gbogbo ìlú dé gìrìgìrì. Erin, ọba ìlú, fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ahéré, gbàgà! Àwọn ẹ̀gà tú jáde, ìyẹ́ wọn ti re.

Ọba ní, "Aláǹtakùn, wọ aṣọ tí ò ń tà, kí o sì mu omi tí o bà jẹ́."

Aláǹtakùn wo aṣọ, ó wo omi, ó sá gun òpó lọ sí kọ̀rọ̀ àjà. Títí dòní, ibẹ̀ ló ti ń dá hun tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rà á.

Odò pẹ́ kó tó mọ́. Ọmọ Àgbọ̀nrín dìde, ṣùgbọ́n kò lókun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ní kí ìyá rẹ̀ wá ra aṣọ tuntun, á máa rán èyí tó ti ya lọ, á ní, "Èmi náà wà lára àwọn tó rà á."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: bí owó ọjà bá jẹ́ pọ́ọ́kú, ẹ béèrè ẹni tó jìyà rẹ̀ àti odò tó gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lọ, kí ẹ tó rà á.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Bí mo bá purọ́, bí mo ṣe ń dìde yìí, kí aṣọ mi ya fàà. Ẹ̀yin náà wò ó. Ṣé ó ya?