Orúkọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Bá A Pè

Ọkùnrin kan wà ní etí ọ̀sà tí ó fi ọgbọ̀n ọdún tukọ̀, tí ó ń kó èrò láti èbúté dé èbúté. Láràárọ̀, kí ó tó fi àjẹ̀ kan omi, á kọ́kọ́ ké sí èrò, á pe orúkọ gbogbo èbúté tí yóò dé lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí oyún Rẹ̀mí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé oṣù mẹ́jọ, ó ní òun ti ní orúkọ kan nílẹ̀ fún ọmọ náà.

"Orúkọ wo ni, Bàbá?"

"Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ẹ ó gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín. Ṣé o mọ̀ pé àwọn àgbà fẹ́ràn kí á máa bẹ̀ wọ́n.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú. Ọwọ́ ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu sì dákẹ́. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì mọ ohun tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ pe omi, ilẹ̀kùn ni yóò pè, tàbí kí nǹkan kan má jáde rárá. Dókítà fi ọwọ́ kan apá òsì orí rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣètò ara rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀jẹ̀ kò ti rí ọ̀nà dé.

"Ọ̀rọ̀ ò kú nínú wọn," ni dókítà wí. "Ọ̀nà tó ń gbà jáde ló bàjẹ́. Àwọn apá ọpọlọ tó wà nítòsí lè kọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n lílò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún wọn."

Gbogbo ohun tí dókítà sọ ni wọ́n gbọ́, àfi sùúrù yẹn. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà jù. Bí ó bá ti la ẹnu pé "O... o...", ìyàwó rẹ̀ á ní, "Omi ni Bàbá Rẹ̀mí fẹ́," omi á sì dé. Bí àlejò bá kí i, àbúrò rẹ̀ á ti dáhùn: "Wọ́n ní ẹ ṣeun o, wọ́n ní ara ń le díẹ̀díẹ̀." Wọn kò fẹ́ kí ojú tì í. Nígbà tí ó yá, kò la ẹnu mọ́. Kí ni yóò máa là á fún?

Lọ́sàn-án, wọ́n á gbé àga rẹ̀ sí abẹ́ ìbòòji kí ó lè máa wo ọ̀sà. Oorun á gbé e lọ, kò ní sùn tán, kò ní jí tán. Á rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀. Omi á funfun, afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́, òṣíbàtà á sì ti bo ojú ọ̀nà ńlá pátápátá. Àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dúró ní èbúté òdìkejì, tí wọ́n ń juwọ́ sí i, ó sì mọ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó rántí pé nígbà tí òun ń tukọ̀, bí òṣíbàtà bá dí ọ̀nà, òun kì í bá a jà. Ọ̀nà omi tóóró kan wà lẹ́yìn igbó ọparun. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ka á ha èèyàn lójú. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹwàá, ọ̀nà á ti là. Á wá darí ọkọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí imú ọkọ̀ tó wọ ọparun, ẹnìkan á ti wọ inú omi, á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, á gbé e kọjá. Bí ó bá ta jí, omi á wà lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á nù ún, á ní oòrùn ni.

Ọmọ dé, obìnrin ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ilé kún. Wọ́n gbé ọmọ wá síwájú rẹ̀.

"O...," ni ó wí.

"Olúwatóyìn ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó mi orí.

"Ọláníkẹ̀ẹ́," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Àbí Ọdúnayọ̀?" Ó mi orí, ó tún mi orí.

Wọ́n sọ ọ́ títí, orúkọ tán lẹ́nu wọn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà wọ́n pé orúkọ náà lè ṣègbé. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Màmá náà ti kú kí ó tó gbé ìyàwó, àbúrò rẹ̀ yìí sì jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì tí bàbá wọn fẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí atukọ̀, orúkọ ọmọ ni gbogbo ènìyàn fi ń pe ìyá rẹ̀, àwọn tó tó pe orúkọ rẹ̀ gan-an sì ti lọ tán. Nínú gbogbo ilé náà, orí kan ṣoṣo ni orúkọ náà kù sí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn. A ó dúró."

Wọ́n dúró. Ọmọ ọwọ́ sín. Ọkùnrin náà di ojú, ó sì darí ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ọparun.

"Ẹ wọkọ̀ o," ni ó wí. "Òkè... Ọ̀sà. Ìdí... Ìdí-Àgbọn."

Àbúrò rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rò pé orí ẹ̀gbọ́n òun ti dàrú. Ìyàwó na ọwọ́, ó bò ó lẹ́nu. Atukọ̀ ń pe èbúté lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, títí ó fi dé èyí tí ó kẹ́yìn, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró dè é pẹ̀lú agbada ẹja. Ìyá náà dúró níbẹ̀ lóòótọ́.

"O... Olómi... Olómitútù."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún, ó sì pe orúkọ náà sí ọmọ létí. Ìyàwó rẹ̀ rọra béèrè pé, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá Rẹ̀mí?"

Ó pẹ́ gan-an. Kò sí ẹni tó bá a dáhùn.

"Ìyá... mi."

Ìwọ tí o gbé ìyá rẹ wá sọ́dọ̀ mi fún ìtọ́jú, tí o ní wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àìsàn yìí ti ṣe wọ́n, ìbéèrè mẹ́ta ni mo ti bi wọ́n láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Ìwọ lo dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ yẹn náà lo sì fi ń dí wọn lọ́nà. Mo tún fẹ́ bi wọ́n báyìí bóyá wọ́n sùn dáadáa lálẹ́ àná. Pa ẹnu rẹ mọ́, jẹ́ kí èmi àti ìwọ jọ dúró.