Agogo Tó Gbé Oníjó Dúró

Àwọn àgbà máa ń wí pé, "Agogo kì í jó, òun ló gbé oníjó dúró." Ẹ wo ọ̀rọ̀! Irin tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, báwo ló ṣe máa gbé géńdé ọkùnrin dúró? Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n láìgbọ́ ìtàn Ọ̀jẹ́làbí ará Ìlápó, irọ́ ló ń pa.

Ọ̀jẹ́làbí yìí, orí ẹsẹ̀ igi ló ti ń jó, igi méjì tó ga tó òrùlé tó máa ń dè mọ́ ẹsẹ̀. Bẹ̀mbẹ́ ńlá á máa dún ní méjì-méjì, omele á máa já a sí mẹ́ta-mẹ́ta, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ á sì máa lu agogo láàárín wọn, ohùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí gbogbo rẹ̀ bá pàdé, èèyàn á máa gbọ́ orin tí ẹnì kankan nínú wọn kò lù. Ọ̀jẹ́làbí rò pé ẹsẹ̀ òun ni orin náà ti ń wá.

Lọ́dún tí wọ́n já Ìbídùn àkọ́bí wọn lẹ́nu ọmú, ọdún iṣu tuntun dé. Àṣà ìlú ni pé kí oníjó gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́rùn, kó fi jó yí ọjà ká. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àlejò kan kí Ọ̀jẹ́làbí, ó ní ijó rẹ̀ dára, àmọ́ agogo yẹn gan-an ló máa ń wọ òun lára. Inú bí i. Ó ní kí ìyàwó òun gbé agogo sílẹ̀ lónìí, pé ohun tó ń wí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látàárọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹyẹ oko. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá Ìbídùn, ọmọ ń bẹ lọ́rùn yín o."

Ó ní kó pa ẹnu mọ́.

Ìlù bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ dùn. Lójijì, háà, àtẹ́wọ́ èrò pín sí méjì! Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ń tẹ̀lé bẹ̀mbẹ́, àwọn tòsì ń tẹ̀lé omele, kálukú ń búra pé tòun lorin. Ìlù kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́, etí wọn ni kò bára mu. Ọ̀jẹ́làbí gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún fún bẹ̀mbẹ́, ó gbé tòsì fún omele, igi kọ́ igi. Kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ tó kàn yẹ kó bọ́ sí mọ́, ọmọ sì ń ké lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rù ò jẹ́ káwọn onílù mọ bí wọ́n ṣe máa dáwọ́ dúró.

Àwẹ̀ró sáré gbé agogo nílẹ̀, ó lù ú. Àtẹ́wọ́ ṣọ̀kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rí ilẹ̀, tòsì náà rí i. Ọ̀jẹ́làbí jó dé ara ilé tó sún mọ́ ọn, ó jókòó sórí òrùlé. Àwọn èèyàn gba ọmọ, wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ ìyá ń lu agogo. Ìlù ti dákẹ́, ó ń lù ú, àfìgbà tí obìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lókè òrùlé, Ọ̀jẹ́làbí di òrùlé mú ṣinṣin. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, má tíì dá a dúró. Mi ò tíì délẹ̀."

Àwẹ̀ró tún un lù, ọkọ rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ bọ̀ wálẹ̀. Látọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ń fojú di ẹni tó dúró síbì kan tí kò yẹsẹ̀, àgbà á ní kó rọra: agogo kì í jó, òun ló gbé oníjó dúró.