Adìẹ àti Góòlù Mẹ́ta Ọmọ Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, ó fò kọjá òrùlé, kò balẹ̀ síbì kan àfi lórí Adìẹ, lórí Àkùkọ ọmọ rẹ̀, lórí Ajá, àti lórí Ewúrẹ́.

Ní ayé ìgbà kan, àwọn ẹran ilé àti àwọn ẹran igbó máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún. Ọdún ń gorí ọdún, ẹran igbó ló ń borí. Ẹran ilé á sunkún wálé. Ẹran igbó á kọrin wọgbó.

Ìgbà tó yá, wọ́n mú Àkùkọ mọ́ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ẹran ilé. Ọmọ Adìẹ ni Àkùkọ yìí. Òun nìkan ló kù fún ìyá rẹ̀, nítorí Àṣá ti gbé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Gbogbo ìlú ló ń fi ẹsẹ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni Adìẹ ń mú un lọ sẹ́yìn ilé.

Á ní, "Ta ilẹ̀!"

Àkùkọ á ta ilẹ̀, erùpẹ̀ á fò lálá.

Á ní, "Tún un ta!"

Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ tín-ín-rín náà ṣe le koko.

Nígbà tí eré ku ọ̀la, Àkùkọ ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi ká lọ sí pápá."

Adìẹ ní, "Ọmọ mi, pápá jìnnà, Àṣá sì wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n wà nílé. Ibẹ̀ ni màá ti wò ọ́."

"Ẹ máa wò mí dáadáa o. Bí mo bá gbá a wọlé, ẹ̀yin ni màá dárà fún."

"Ojú mi kò ní kúrò lára rẹ."

Ilẹ̀ mọ́. Adìẹ ránṣẹ́ sí Ajá àti Ewúrẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n wá bá òun wo bọ́ọ̀lù. Ó yan gugúrú, ó yan ẹ̀pà. Ó din àkàrà, ata inú rẹ̀ ń ta sánsán. Ó se sóbò, ó pupa bí aṣọ ọba, ó fi atalẹ̀ sí i. Ó po kúnú kún igbá ńlá kan dẹ́nu.

Ajá dé pẹ̀lú igi súyà kan lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ewúrẹ́ kò gbé nǹkan kan dání àfi ẹnu.

Ewúrẹ́ ní, "Ìyá Àkùkọ, o kú ìnáwó."

Adìẹ ní, "Ẹ jẹ, ẹ mu. Tiyín ni gbogbo rẹ̀."

Ẹnu lásán ni o! Bí Adìẹ bá ń sè é, ọwọ́ rẹ̀ á là. Bí àlejò bá wá ń jẹ ẹ́, àyà rẹ̀ á máa já.

Fèrè dún, eré bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìgalà fi gbá ọ̀kan wọlé fún ẹran igbó. Inú Ajá bà jẹ́, ó dì mọ́ súyà rẹ̀. Inú Ewúrẹ́ bà jẹ́, ó ti gbogbo ẹnu bọ gugúrú. Abọ́ dojú dé. Gugúrú fọ́n ká ilẹ̀.

"Yéè! Gugúrú mi!"

Adìẹ dorí kodò, ó ń ṣà á. Ṣá, ṣá, ṣá. Kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Ibi tó ti ń ṣà á lọ́wọ́ ni Ajá ti fò dìde.

"Góòlù! Àkùkọ ni! Àkùkọ ló gbá a!"

Adìẹ gbórí sókè. Góòlù ti kọjá. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà kì í tún nǹkan fi hàn. Ohun tó bá ti lọ ti lọ. Àwọn èrò pápá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àkùkọ gbá a wọlé o,
*Wọlé wọlé!*
Ẹsẹ̀ tín-ín-rín ló gbá a,
*Wọlé wọlé!*
Ẹran igbó ń bojú wẹ̀yìn,
*Wọlé wọlé!*

Ewúrẹ́ ní, "Ìyá Àkùkọ, ṣé o rí i?"

Ojú ti Adìẹ. Ó gbé gugúrú mì. Ó ní, "Mo rí i kedere."

Ìgalà tún gbá ìkejì wọlé. Adìẹ sọ odidi àkàrà kan sẹ́nu. Ata gbá a lọ́fun.

"Háà! Háà! Omi o!"

Sóbò ló sún mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni láyé ìgbà náà, bí ewúrẹ́ ṣe ń mu omi ni adìẹ náà ń mu ún. Á ti ẹnu bọ̀ ọ́, kò ní gbórí títí ìdí abọ́ á fi hàn. Adìẹ ti ẹnu bọ sóbò. Gbẹ̀bu, gbẹ̀bu, gbẹ̀bu.

"Góòlù! Àkùkọ tún ni!"

Adìẹ gbórí sókè. Ó ti kọjá. Èrò ń kọrin:

Àkùkọ gbá a wọlé o,
*Wọlé wọlé!*

Ajá ń jó yí àga ká. Ó ní, "Ìyá Àkùkọ, ẹ rí ohun tí ọmọ yín ṣe?"

Adìẹ ní, "Mo rí i, mo rí i." Sóbò ń kán tó, tó, tó lẹ́nu rẹ̀.

Eré di ọ̀mì, méjì sí méjì. Ó kù díẹ̀ kí fèrè ìkẹyìn dún. Adìẹ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní fẹnu kan nǹkan kan mọ́. Ó jókòó gbọn-in, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀.

Ó wá gbọ́ fààà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń fa kúnú.

"Ewúrẹ́, ó tó!"

"Ṣebí ìwọ lo ní tiwa ni."

"Mo ní kí ẹ mu ún. N kò ní kí ẹ mu ún tán!"

Ojú kan wà lára ọmọ, ojú kan wà lára kúnú. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ewúrẹ́ tún fà á, fààà. Adìẹ kò lè fara dà á mọ́. Ó já igbá gbà, ó ki orí bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn.

Nínú igbá ló ti gbọ́ ọ: "Góòlùùù! Àkùkọ! A ti borí!"

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé Àkùkọ wálé léjìká. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ rí mi?"

"Mo rí ọ, ọmọ mi!"

"Èkíní tí mo gbá wọlé, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O... o jó."

Ajá họra létí.

"Ìkejì ńkọ́?"

"O tún jó."

"Ìkẹta?"

"Ijó yẹn náà ni, ọmọ mi."

Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí kúnú fi gba imú rẹ̀ jáde. Àkùkọ kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyá mi, n kò jó rárá. Nígbà àkọ́kọ́, mo na apá mi méjèèjì, bí ẹ ṣe ń nà án bò mí nígbà òjò. Nígbà kejì, mo ta ilẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi lẹ́yìn ilé. Nígbà kẹta, mo dúró jẹ́ẹ́, mo ké pè yín, mo ní, 'Ìyá mi, tiyín rèé.' Gbogbo ayé gbọ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò gbọ́."

Ó wọ inú àgò lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

Ajá gbé igi súyà rẹ̀ sílẹ̀. Adìẹ tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ọmọ mi, mo parọ́ fún ọ. Orí mi wà nínú oúnjẹ."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gugúrú, sóbò, kúnú."

Àkùkọ yíjú padà. Ó rí kúnú tó gbẹ funfun mọ́ ìyá rẹ̀ lórí, dé ojú, dé ọrùn. Ó fẹ́ bínú sí i, kò lè ṣe é. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ nu ojú yín, Ìyá mi. A ó tún gbá òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀."

Adìẹ ní, "Láti òní lọ, bí mo bá bu ẹ̀kán omi kan sẹ́nu, màá kọ́kọ́ gbójú sókè wò ọ́ kí n tó gbé e mì."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Nígbà tí ọdún yí po, ó bu díẹ̀, ó wòkè. Ó bu díẹ̀, ó wòkè. Góòlù kan péré ni Àkùkọ gbá lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó kọ́ àwọn ọmọ tó bí lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀, àwọn náà kọ́ ọmọ tiwọn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí adìẹ bá bu omi sẹ́nu, á gbójú sókè. Àwọn kan ń sọ pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò.

Ibi tí àlọ́ mi fẹsẹ̀ mọ nìyẹn. Bí mo bá parọ́, kí eyín mi mì. Ẹ jẹ́ kí n pa á pọ̀ kí ẹ gbọ́: kó! kó! kó! Kò mì.