Ìwé tí Ṣóyọyè Kà ní Ẹnu Bodè Ìrógbà

Ìgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá lọ sódò ní Ìrógbà. Ọmọ á gbé akèrègbè jáde láàárọ̀, bó bá di ọ̀sán, akèrègbè nìkan ni wọn yóò bá lẹ́bàá omi. Balógun Ọdẹ́tókun, ọkùnrin gàgàrà tí ohùn rẹ̀ ń lé ẹyẹ lórí igi, ń kó ọmọ àwọn ìlú tó yí wọn ká tà. Àwọn ìlú náà sì ń kó ọmọ Ìrógbà tà láti fi gbẹ̀san. Ní ọjọ́ ọjà kan, ogójì ẹrú wà nínú okùn lábẹ́ ìrókò ẹnu bodè. Kí oòrùn tó kàtàrí, wọn yóò forí lé etí òkun.

Ọjọ́ náà ni Ṣóyọyè dé, ọmọ Adágbàá, a-fi-gègé-jagun, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí tàdáà ti sọ àtàǹpàkò rẹ̀ di dúdú. Òun náà ti wà nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ àwọn tó ń dènà òwò ẹrú ló gbà á lójú òkun, tó gbé e lọ sí Sàró, níbi tó ti kọ́ ìwé. Gbogbo ará ilé tó bá pàdé níbẹ̀, ó kọ ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ: orúkọ, oríkì, ibi tí wọ́n ti mú wọn. Ó ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìpọ̀sán, ìlú tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó ẹrú lọ sí etí òkun. Nígbà tí àwọn atukọ̀ ibẹ̀ gbọ́ ọ, wọn kò gbé ẹrú mọ́. Balógun gbọ́, ó sì búra pé bí Ṣóyọyè bá ka irú rẹ̀ ní Ìrógbà, òun yóò gé ọwọ́ tó fi kọ ọ́.

Ṣóyọyè gun orí gbòǹgbò ìrókò. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tú ìwé rẹ̀. Ó fi tòsì dì í mú. Balógun jókòó lórí òkúta rẹ̀, ìyá rẹ̀ arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé bébà lo fẹ́ fi dí ẹnu ìbọn mi?"

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín.

"Rárá o, Baba. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ ná, kí ẹ tó gé ọwọ́ náà."

Ní Ìrógbà, ẹni tó bá gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ kì í jókòó. Yóò dìde ni, yóò sì jẹ́. Ṣóyọyè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kà á sókè: "Èmi Àwẹ̀ró, ọmọ Olúmèrò, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí í sùn ti iná. Oko ẹ̀pà ni wọ́n ti mú mi. Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú mi."

"Mo jẹ́ o!" Obìnrin kan láti ilé Olúmèrò fò dìde, ẹ̀pà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì fọ́n ká. Ṣóyọyè ka òmíràn, ó tún ka òmíràn. Agboolé kan ń dìde tẹ̀ lé èkejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó tó!" ni Balógun pariwo. "Ẹ mú un!"

Ẹ̀ṣọ́ méjì tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Ṣóyọyè lé orí gbòǹgbò. Ọ̀kan gbé àdá sókè, ó ń wojú Balógun. Ṣóyọyè fi ọwọ́ òsì gbé bébà súnmọ́ ojú, ó ń kà lọ: "Èmi Àdùkẹ́, ọmọ Ẹlẹ́kùn, ọmọ ẹkùn tí í tọ́jú ọmọ kó tó jẹun. Odò ni wọ́n ti mú mi. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé n kò fọ́ akèrègbè rẹ̀. Ẹ̀bá òkúta ni mo gbé e sí."

Àbúrò Balógun ni Àdùkẹ́. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ìyá Balógun, tí kì í rìn láìsí ọ̀pá, dìde láìmú ọ̀pá. "Ọdẹ́tókun, wọ́n ń pè ọ́. Àbí ìwọ kì í ṣe ọmọ Ẹlẹ́kùn mọ́?"

Balógun yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó wo àwọn tó wà nínú okùn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ó ṣì gbé òṣùká akèrègbè rẹ̀ lórí.

Balógun dìde. "Mo jẹ́ o," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Akèrègbè náà wà nílé." Ó gba àdá lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ó sì fi gé okùn.

Àwọn tí kò rí ilé padà sí nínú wọn ni Ṣóyọyè kó tẹ̀dó sí òdìkejì odò, ní àdúgbò tí à ń pè ní Àdúrógbọ́. Wọ́n yí òkúta Balógun kúrò lábẹ́ ìrókò. Títí di òní, kò sẹ́ni tó ń jókòó níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ka ìwé fún ìlú, òòró ni tọba tìjòyè ń wà, ilé Ẹlẹ́kùn ló sì ń kọ́kọ́ jẹ́.