Owó Ìtọ́jú Ọmọ Di Ẹnubodè

Ìjọba ìbílẹ̀ kó owó ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti wọ̀ lára, wọ́n fi kọ́ ẹnubodè tuntun. Wọ́n ti ilé ìtọ́jú pa, wọ́n sì dá Akínwándé, àbúrò Mojírọ̀lá, padà sílé nígbà tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀.

Mojírọ̀lá tọ alága lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kí n gbé àbúrò mi lọ?"

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí i bí ẹnubodè wa ṣe ń dán? Àlejò á máa yìn wá!"

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àmọ́ a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ta ni yóò kí àlejò káàbọ̀ bí ọmọ onílé bá ti di wèrè tán?"

Alága rẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ mú bí abẹ! Lọ múra ijó ọ̀la."

Ní ìlú náà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó wọ ohun tuntun kí àgbà tó ṣí i. Mojírọ̀lá sì ni olórí wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú àbúrò rẹ̀ dání, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá lára ẹnubodè, wọ́n jókòó ti Akínwándé níwájú ilé ìtọ́jú. Ó ránṣẹ́ sí alága pé: "Ẹni tó bá fẹ́ ká jó, kó mú kọ́kọ́rọ́ ibí wá."