Ìgbín Gbọ́ Ohun Tí Etí Kò Gbọ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi rìn títí, ó dúró lẹ́nu ihò Òkété.

Òjò ńlá rọ̀, ilẹ̀ ya, ó sì dí Òkété mọ́ inú ihò rẹ̀. Ó kígbe títí, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó fi eyín gé gbòǹgbò tó dí i lọ́nà, kò já. Ló bá ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Lókè, ọkọ rẹ̀ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ń pè é káàkiri, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbín tó wà nílẹ̀ nítòsí wọn ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ikùn mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ìwọ tí o ò létí?"

Ìgbín ń wọ́ lọ síbi tí ilẹ̀ ti ń gbọ̀n jù, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, lulẹ̀ kí n gbọ́,
*Gbì, gbì, gbì.*
Ilẹ̀ á gbé e wá,
*Gbì, gbì, gbì.*

Ibi tó dúró sí ni ọkọ Òkété gbẹ́, ó sì fa aya rẹ̀ jáde láàyè.

Òkété ní, "Ìgbín ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ ò kúrò lójú kan, síbẹ̀ ó gbé ìró ẹsẹ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Ìgbín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ lù ú. Ẹni tó bá gbọ́ mi, kó gbè é.