Mọ́tò Bàbá Láoyè Tí Kò Gbọdọ̀ Sùn

“Ojú oorun là á ká mọ́tò tí a fẹ́ rà mọ́.” Bí àgbàlagbà bá pa òwe yìí létí àlejò, àlejò á wò ó bí ẹni tó ti mu ẹmu lójú òwúrọ̀. Ṣé mọ́tò ń sùn ni? Ẹní rẹ̀ dà? Kí sì ni òwe mọ́tò ń wá níbi tí wọ́n ti ń wádìí ọkọ ìyàwó? Ẹ fara balẹ̀. Fẹ̀yìntọlá, ìyá ẹlẹ́yin ti Ìdí-Àràbà, ló pa á ṣáájú, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló sì ti kọ́gbọ́n rẹ̀.

Oyèníran lorúkọ ọkọ náà. Ọmọlúàbí ni, àmọ́ tirẹ̀ ti fẹ́ pọ̀ jù. Kò jẹ́ wọ ilé onílé láìkọ́kọ́ ránṣẹ́. Bí iná bá ń jó ilé aládùúgbò, mo rò pé yóò kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, yóò béèrè bóyá ààyè wà kí òun wá bá a pa á.

Orí ọ̀kadà ni Fẹ̀yìntọlá fi ń kó ẹyin lọ sọ́jà. Kòtò ọ̀nà kò sì mọ ẹyin lójú. Bó bá dé ọjà, omi ẹyin a ti máa ro láti orí orúnkún rẹ̀. Ó fi oúnjẹ du ẹnu, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ du ọrùn, títí owó mọ́tò àlòkù kan fi pé. Bí wọ́n bá fi owó yẹn ra ìyọnu, kò sí òmíràn, ọ̀kadà ló kù títí ọjọ́ alẹ́. Ìdí nìyí tó fi so ó mọ́ etí ìró ara rẹ̀, tí kò gbé e fún ọkọ.

Wọ́n gbọ́ pé Bàbá Láoyè ní abúlé kejì fẹ́ ta mọ́tò aláwọ̀ ewé kan, apá wọn sì ká iye rẹ̀. Ni Oyèníran bá pè é.

“Ẹ kú ilé, sà. À ń bọ̀ lọ́la. Kò ní ni yín lára?”

“Ó tì o, ọmọ mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ bí ẹ bá ti gbéra.”

Oyèníran jẹ́ kó gbọ́ nígbà tí wọ́n gbéra. Ó tún jẹ́ kó gbọ́ nígbà tí wọ́n dé oríta.

Wọ́n bá Bàbá lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Mọ́tò ń dán gbinrin. “Láti ìjẹta,” ni Bàbá wí, “mi ò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.”

Bí àwọn ọkùnrin ti ń kíra wọn, Fẹ̀yìntọlá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì yára gbé e kúrò. Ó gbóná. Ẹlẹ́yin sì mọ̀ pé ẹyin tó bá gbóná, adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀ ni.

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dáhùn. Ẹ̀rín Oyèníran dé etí. “Ìyá Mosún, tú owó!” ló wí fún aya rẹ̀.

Ta ni yóò pe àgbà ní onírọ́? Fẹ̀yìntọlá kò tú owó, ó so ó le sí i. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀.”

“Kó ṣe kí ni?”

“Kó sùn, sà. Ó ti rẹ àwa náà. Ẹ jẹ́ ká jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà lẹ́nu yín. Bó bá jí, a ó sanwó.”

Inú Oyèníran dùn pé aya òun mọ̀wàá hù tó bẹ́ẹ̀. Bàbá kò sì lè lé àlejò. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó gbé àgbàdo sísè wá, ó tún forí lé ìdí ààrò lọ ro ẹ̀bà. Bàbá ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, kò sì parí ọ̀kan, nítorí ojú rẹ̀ ń bẹ lára mọ́tò.

“Ẹ jẹ́ n kàn ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ díẹ̀.”

“Ẹ má jí i, Bàbá. Ẹ parí ìtàn ẹfọ̀n yẹn fún wa.”

Nígbà tó pẹ́, adìẹ kan fò lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Fẹ̀yìntọlá fọ ẹ̀bà kúrò lọ́wọ́. “Ó ti sùn, sà. Ẹ wá jí i.”

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀n-kẹ̀n. Ó tún un yí. Kẹ̀n. Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, kò gbọ́ nǹkan kan. Adìẹ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ò tiẹ̀ yí ọrùn pa dà.

Ni ìyàwó Bàbá bá ké láti inú ilé ìdáná: “Bàbá wọn! Ṣé kí n tún pe àwọn ọmọ ilé kejì wá tì í bíi ti àárọ̀?”

Oyèníran wo Bàbá, ó wo mọ́tò, ó sì dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú ìnáwó oúnjẹ, sà.” Ó tún bá wọn ti mọ́tò, ọmọlúàbí náà ni.

Lójú ọ̀nà, inú ń bí i. “Mo mà pè é! Mo pè é ṣáájú!”

“Bàbá Mosún, ẹ pè é, ó sì jí mọ́tò dè yín. Ojú oorun là á ká mọ́tò tí a fẹ́ rà mọ́.”

Nígbà tí wọ́n tún gbọ́ nípa mọ́tò nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, Fẹ̀yìntọlá gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ, ó sì ti fóònù mọ́lé. Ìdájí ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú orín lẹ́nu, ojú rẹ̀ le. Oyèníran dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, yanrìn kún agbárí rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù bí omi àmù. “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ bá wa jí i.” Mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jí. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó, inú nìkan ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá ti tú etí ìró. Ẹyin rẹ̀ sì ń dé ọjà nínú èèpo.

Nítorí náà, bí ìyá ọkọ ìyàwó bá ní, “Ọjọ́rú ni kí ẹ wá wo ilé wa,” àwọn àgbà Ìdí-Àràbà á dúpẹ́, wọ́n á sì yọjú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó gbọ́ pé à ń bọ̀ ti gbóná dè wá. Ojú oorun là á ká mọ́tò tí a fẹ́ rà mọ́.